Ilà Pupa Lára Nọ́ọ̀tì

Kí táyà náà tó dáwọ́ yíyí dúró, àdúgbò ti mọ ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ó já kúrò lára kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ jíìpù tó ń fa kẹ̀kẹ́ náà kọjá bíi pé òun náà ní ibi tó ń kánjú lọ, ó fo gọ́tà, ó sì lọ kọlu télọ̀ àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Egungun ojúgun ọkùnrin náà kán. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dojú dé. Kẹ̀kẹ́ irin fi apá kan balẹ̀ láàárín títì, ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí rẹ̀ sì dẹ̀gbẹ́, àmọ́ kò já bọ́. Ìgbànú ìdẹrù mẹ́rin ló dì í mú.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Wọn kò tíì rìn jìnnà rárá. Wọ́n kàn ní kí àwọn fà á yí àdúgbò po, kí wọ́n mọ̀ bóyá gbogbo nǹkan wà létòlétò, kí wọ́n tó gbéra ìrìn àjò ẹgbẹ̀rin kìlómítà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹni tó kan ọkọ̀ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Káfíńtà, dúró lẹ́nu géètì ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ẹsẹ̀ télọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tó fi odindi oṣù mẹ́fà kàn pàápàá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé: ó dáa bẹ́ẹ̀, ayé á rí i lónìí pé àbúrò mi náà máa ń ṣe àṣìṣe. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ara rẹ̀ tì í.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Káfíńtà ń jowú àbúrò rẹ̀, kì í sì í ṣe owú kékeré. Òun ló ń kan ọkọ̀, àbúrò ló ń fà á lọ fún àwọn tó rà á. Ẹni tó bá sì gbé ọkọ̀ dé etíkun ni wọ́n ń dì mọ́ra, òun ni wọ́n ń bá ya fọ́tò. Fọ́tò mọ́kànlá ló wà lára ògiri ilé ìyá wọn, àbúrò ló ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn, ẹ̀gbọ́n ò sí nínú ọ̀kankan. Àdúgbò fún àbúrò ní orúkọ ìnagijẹ, Ọ̀nà-Ò-Jìn, wọ́n tiẹ̀ bá a kọ ọ́ síwájú jíìpù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò ní ju orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ó ń jowú, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi owú pa mọ́. Tí wọ́n bá ti ń yin àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wá ìṣó tí kò sọ nù.

Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo èèyàn fi yí sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sì í kánjú. Gíláàsì méjì ló so kọ́ ọrùn, ọ̀kan fún nǹkan tó wà nítòsí, ọ̀kan fún èyí tó jìnnà, ìdí sì nìyẹn táwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Gíláàsì. Sájẹ́ńtì kan tẹ̀ lé e, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà-Ò-Jìn jókòó sí bèbè títì, ó ń nu ojú. "Ọwọ́ mi ni mo fi yí nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn le láàárọ̀ àná, mà. Láàárọ̀ yìí kí n tó gbéra, mo yẹ ilà wò. Gbogbo ilà ló gún régé."

"Ilà wo?"

"Ilà pupa ara nọ́ọ̀tì, mà. Tí mo bá ti yí nọ́ọ̀tì le tán, ìyàwó mi á fi kútẹ́sì rẹ̀ fa ilà láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí ríìmù. Tí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀ lójú ọ̀nà, ilà tó wà lórí rẹ̀ máa yà kúrò lọ́dọ̀ èyí tó wà lórí ríìmù. Mo kàn máa bẹ̀rẹ̀ wò ó ni. Mi ò nílò sípánà."

Káfíńtà tó dúró lẹ́yìn wọn gbọ́ ọ, ẹnu yà á. Ó ti ń wo ilà yẹn fún ọdún mẹ́fà. Ohun tó wà fún rèé? Ó bínú sí àbúrò rẹ̀ lákọ̀tun pé ó tún gbọ́n mọ́ ẹwà tó ní.

"Ta lẹ fura sí?" Gíláàsì béèrè.

"Mi ò fura sẹ́nì kankan, mà." Àmọ́ ojú Ọ̀nà-Ò-Jìn rìn lọ sára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó padà. Gbogbo àwọn tó pé jọ rí i. "Ọmọ ìyá mi ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀."

Èyí tí kò lè sọ yẹn, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

Gíláàsì kò ka táyà tó já sí. Èyí tó ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ lápá ọ̀tún ló lọ bẹ̀rẹ̀ tì. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lára rẹ̀, ilà pupa orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kan èyí tó wà lórí ríìmù gẹ́lẹ́. Ó fi ìka méjì mú nọ́ọ̀tì kan, ó yí i. Nọ́ọ̀tì náà ń yí bí ìdérí ìgò.

"Yéè!" Sájẹ́ńtì ké.

"Dákẹ́, mò ń kà." Ó yí i títí ilà fi kúrò níbẹ̀ tó tún padà. "Ẹ̀ẹ̀kan." Ó tún yí i. "Ẹ̀ẹ̀mejì." Nọ́ọ̀tì náà kò lọ mọ́, ilà rẹ̀ sì tún kan ti ríìmù. Ó ṣe mẹ́rin tó kù bákan náà, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko ni gbogbo wọn. Ó nu ìka rẹ̀ sára aṣọ àwọ̀lékè Sájẹ́ńtì, ó dìde.

"Ẹni tó ń fi ìbínú tú nọ́ọ̀tì kì í ka iye ìgbà tó yí i," ló wí. "Ẹni yìí kà á. Ó tú wọn, ó sì rí i dájú pé ilà padà síbi tó wà, kí ojú má bàa rí nǹkan kan. Ẹni náà mọ ohun tí ilà yìí wà fún."

*

Ó pe Káfíńtà wọ inú ọgbà iṣẹ́. Èérún pákó kún ilẹ̀, àjẹ̀ ìtukọ̀ tuntun mẹ́fà tò sára ògiri. Sájẹ́ńtì ti ń tú àpótí irinṣẹ́ kiri.

"Ta ló wà nínú ọgbà yìí lánàá, láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Èmi nìkan. Mò ń fi sáńpépà họ àwọn àjẹ̀ yìí."

"Ta ló rí yín?"

Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àwọn àjẹ̀."

Gíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì ló yọ látẹ̀yìn àpótí, ó gbé sípánà táyà sókè. "Ọ̀gá mi! Inú àpótí rẹ̀ ló wà!"

"Ti àbúrò mi ni," Káfíńtà yára dáhùn. "Ibẹ̀ ló máa ń jù ú sí. Kò sí nǹkan tí kì í jù síbẹ̀. Ó ju ìbọ̀sẹ̀ síbẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ju nǹkan sínú jíìpù tiẹ̀, ìyá wa á gbọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀ jù. Gíláàsì ń wò ó.

"Ẹ ń jowú rẹ̀."

"Mà?"

"Mo ní ẹ ń jowú àbúrò yín."

Ó fẹ́ sẹ́. Ó wo ẹnu géètì, níbi táwọn aládùúgbò rọ̀gbà yí ká, ó rí i pé kò sí ẹni kan ṣoṣo níbẹ̀ tó lè bá a jẹ́rìí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀?"

"Rárá o! Mo máa ń rò ó pé kí táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà. Mo máa ń rò ó pé kí òjò lù ú, kí fọ́tò má sì jáde dáadáa. Ìyẹn nìkan ni, mà. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Sájẹ́ńtì ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Káfíńtà sún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá mú un lọ lónìí, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ télọ̀ á di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, ọgbà iṣẹ́ á wọ́ ilẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ kíkàn fún un mọ́ láyé. Àmọ́ èyí tó ń dùn ún jù kò ju pé ìyá wọn máa gbà á gbọ́. Ìyá wọn ò tiẹ̀ ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló wà lábẹ́ tapólì yẹn?" Gíláàsì na ìka sí kọ̀rọ̀.

"Kò sí nǹkan, mà. Ọmọlanke tí mo fi ń kó pákó lásán ni." Ó sì lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ yẹra fún un."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kúkú fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Sájẹ́ńtì ń dúró dè. Ó fo kọjá lára rẹ̀, ó fa tapólì náà ya kúrò. Ọmọlanke ni lóòótọ́, ọmọlanke oní táyà mọ́tò méjì. Lórí gbogbo nọ́ọ̀tì ara táyà náà, ilà pupa ló wà.

"Ẹ wò ó o!" Sájẹ́ńtì pariwo débi pé ẹyẹ fò lórí òrùlé. "Ó mọ̀ nípa ilà! Òun náà ń lò ó! Ọ̀gá mi, ẹjọ́ ti parí!"

Ariwo sọ lẹ́nu géètì. Ọ̀nà-Ò-Jìn wọlé wá, ó wo ọmọlanke náà, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "kí ni mo ṣe fún yín?"

Káfíńtà ò lè gbójú sókè. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun àti ọmọlanke náà mì.

*

Gíláàsì bọ́ gíláàsì kan, ó gbé èkejì wọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti táyà ọmọlanke, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Káfíńtà, kí ni ilà yìí wà fún?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí ká tapólì.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ló wà nílẹ̀ yìí o. Kí ni ilà yìí wà fún?"

"Ó... ó kàn dùn ún wò ni, mà."

"Báwo?"

"Ti tiẹ̀ ni mo wò." Ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. "Gbogbo èèyàn máa ń dúró wo nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á ní Ọ̀nà-Ò-Jìn mọ fáàrí. Mo rò pé fáàrí ni lóòótọ́. Mo ní kí èmi náà ní i. Nígbà tí mo kùn ún tán, ojú tì mí, mo fi tapólì bò ó. Oṣù kẹrin rèé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. Ẹ̀rín náà ràn, ó dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ńtì, ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀nà-Ò-Jìn pàápàá. Gíláàsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Sájẹ́ńtì, wá síbí. Ibo ni ilà yìí pin sí?"

"Orí nọ́ọ̀tì, mà."

"Ṣé ó bọ́ sórí ríìmù?"

"Rárá, mà. Orí nọ́ọ̀tì nìkan ló mọ."

"Tí nọ́ọ̀tì yìí bá yí ní ìdajì, báwo lo ṣe máa mọ̀?"

Sájẹ́ńtì la ẹnu, ó pa á dé. "Mi ò ní mọ̀, mà."

"O ò ní mọ̀. Nítorí kò sí nǹkan kan lórí ríìmù tí o máa fi wé e. Wo eruku tó gbẹ mọ́ ọ̀dà yìí, kì í ṣe àná ló kùn ún. Ọkùnrin yìí ń wo ilà àbúrò rẹ̀ lójoojúmọ́, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa là á lójú, owú ni kò jẹ́ kó béèrè. Ẹni tí kò mọ ohun tí ilà wà fún, kí ló máa kà á sí tó fi máa dá a padà sójú ibi tó wà? Kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹ sápò."

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu géètì. Káfíńtà gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó tì í lójú jù láyé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ẹ̀wọ̀n yìí, kò sì mọ̀ bóyá kó sunkún ni àbí kó lọ bo ọmọlanke náà padà.

*

"A jẹ́ pé ìyàwó ni nìyẹn!" Sájẹ́ńtì ò mọ̀ pé èèyàn lè sinmi. "Ẹni tó ń fa ilà gan-an!"

Ìyàwó Ọ̀nà-Ò-Jìn, onídìrí, ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì títì, kóòmù ṣì wà nínú irun tiẹ̀ alára. Kò dúró kí wọ́n pe òun.

"Ta ló ń dárúkọ mi?"

"Wọ́n ní ẹ kò fẹ́ kí ọkọ yín máa lọ sí etíkun tó ń lọ yẹn," Gíláàsì wí.

"Wọ́n ò parọ́. Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta máa ń di ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Á ní àwọn oníbàárà ò jẹ́ kóun tètè padà. Oníbàárà wo ló ń fi lọ́fínńdà sára àpamọ́wọ́ èèyàn?" Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Mo ń jowú, mà, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Fóònù rẹ̀ méjì ni mo ti fọ́. Tí mo bá fẹ́ dá a dúró, ojú rẹ̀ ni mo máa ṣe é, mi ò ní bá nọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀."

"Kútẹ́sì náà dà?"

Ó yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. "Òun rèé. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ibi tí mo bá lọ, ó ń bá mi lọ. Lánàá, bí mo ṣe fa ilà tán ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e relé, mo tún gbé e wá láàárọ̀ yìí."

Gíláàsì gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó dá a padà. "Sájẹ́ńtì, ká ní ìwọ lo ni ìgò yìí, tó o sì fẹ́ tú nọ́ọ̀tì láìjẹ́ kó hàn, ṣé wàá máa ka ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì?"

Sájẹ́ńtì ronú. Ó hàn lójú rẹ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. "Rárá, mà. Mo máa tú u bó ṣe wù mí, mo máa ha ilà àtijọ́ kúrò, mo máa fa tuntun."

"Orí ẹ pé. Ẹni tá à ń wá mọ ilà bí obìnrin yìí ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò ní ìgò lọ́wọ́, kò sì lè tọrọ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìyàwó, ta ló mọ iṣẹ́ ilà yìí?"

"Àwa méjèèjì náà ni..." Obìnrin náà yí ojú sí ọkọ rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́nu géètì sún mọ́ ọn.

"Èmi?" Ọ̀nà-Ò-Jìn fọwọ́ lu àyà. "Èmi ni mo máa ba iṣẹ́ ara mi jẹ́? Èmi tí mo wà nínú jíìpù? Mà, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Àwọn ará ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Káfíńtà ni Gíláàsì kọjú sí.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ṣáájú tòní, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rí i tó ń fa ọkọ̀ yí àdúgbò po?"

"Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, mà." Kò rò ó rárá. Ẹni tó ń jowú kì í gbàgbé nǹkan.

"Ìgbànú mélòó ló máa ń fi dì í?"

"Ẹyọ kan, níwájú. Ó ní ti yíyí àdúgbò po ò le. Mẹ́ta tó kù, àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò ló tó máa ń dì wọ́n."

"Lónìí ńkọ́?"

Káfíńtà wo òde, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dẹ̀gbẹ́ láàárín títì. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà, bíi pé ó fẹ́ kí iye náà yí padà. "Mẹ́rin," ló wí. "Ó ti dì wọ́n kí n tó dé láàárọ̀. Òun náà ni, mà, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe lọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín kí wọ́n má bàa máa pariwo nínú atẹ́gùn. Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìgbànú ọ̀nà jíjìn, fún ọkọ̀ tó fẹ́ lọ dé ìkángun títì tó fẹ́ padà," Gíláàsì wí. "Ẹni yìí mọ̀ pé táyà máa já. Ó fẹ́ kó já. Àmọ́ kò fẹ́ kí ọkọ̀ já bọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín wá, Ọ̀nà-Ò-Jìn, ẹ jẹ́ ká sọ fún ẹni tó ra ọkọ̀ pé kò ní lè dé lásìkò."

"Mo máa pè é tó bá yá, mà."

"Ẹ gbé e wá."

*

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn bàbá arúgbó kan sì jáde, ó ga débi pé gbogbo ọgbà gbọ́.

"Ọ̀nà-Ò-Jìn! Ọ̀la lẹ̀ ń gbéra àbí? Ṣé Káfíńtà ti di ẹrù rẹ̀? A ti kun yàrá rẹ̀ o!"

Gíláàsì fọwọ́ sí Káfíńtà pé kó dákẹ́. "Bàbá, ọlọ́pàá ni mí, ẹ má fòyà. Yàrá wo nìyẹn?"

"Yàrá tó máa gbé! Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Mo ti ní ọkọ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló kan gbogbo wọn. Mo ní kó bá ọkọ̀ yìí wá, kó wá gba ọgbà iṣẹ́ mi, kó kọ́ àwọn tó wà níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi rán dírẹ́bà, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣì ń rò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún un pé tí Káfíńtà ò bá sí nínú jíìpù lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi máa wá mú un. Mo ti dàgbà, mà. Ó yẹ kí n rí ọwọ́ yẹn kí n tó lọ."

Gíláàsì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?" Káfíńtà béèrè. Kò dà bí ohùn rẹ̀ létí ara rẹ̀.

Ọ̀nà-Ò-Jìn ò sá, kò sì tún jiyàn mọ́. Ó jókòó sórí ọmọlanke.

"Ẹ̀ ń wo fọ́tò yẹn lára ògiri," ló wí. "Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń wò ó. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó yà á. Wọ́n máa ń ní kí n sún díẹ̀, mo ń dí ọkọ̀ lójú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ní, 'Ta ló kan èyí?' Mo rin ẹgbẹ̀rin kìlómítà, ojú mi wọnú, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ròyìn yín fún àwọn tí ò mọ̀ yín rí. Tí ẹ bá wá lọ síbẹ̀, kí ni mo máa fà? Ọkọ̀ wo ni mo máa fà?"

"Ìwọ ń jowú mi?" Káfíńtà wí.

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú."

"Kí ló dé tí o ń wò mí lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ yìí?"

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ bojú. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń jowú. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wò kọjá yín. Mo rò pé ó kàn máa já lẹ́nu géètì ni, kẹ̀kẹ́ á fìdí balẹ̀, ìrìn àjò á bà jẹ́, bàbá yẹn ò sì ní fẹ́ yín mọ́. Mi ò mọ̀ pé táyà máa dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀."

Sájẹ́ńtì wo ọ̀gá rẹ̀. Gíláàsì mi orí pé kó mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Sájẹ́ńtì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n mú un dé ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ irin, Ọ̀nà-Ò-Jìn dúró. Kò yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá máa wà á, ẹ ní kó rọra sáré. Tẹ́ ẹ bá ti rin ogún kìlómítà, ẹ dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró ni kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí."

Káfíńtà fẹ́ fèsì. Ó wá owú tó ti gbé sínú láti ọdún yìí wá, kó lè fi sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa dun àbúrò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ń wá ti sọ nù lóòótọ́.

*

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó gbéra. Káfíńtà ti fi ìyókù pákó ọkọ̀ náà gbẹ́ ọ̀pá ìfẹsẹ̀rìn méjì fún télọ̀, ó ti gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó ló máa wa jíìpù. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí etíkun náà," ló wí, "mo sì fẹ́ gbóòórùn gbogbo lọ́fínńdà tó wà níbẹ̀."

Káfíńtà yí nọ́ọ̀tì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá le. Ó tún gbogbo wọn yí. Obìnrin náà ṣí ìgò kútẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ẹ fà á fúnra yín, Ẹ̀gbọ́n. Láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí ríìmù."

Ọkùnrin tó ń fi ojú lásán gé pákó tó gún kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó di búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà mú, ó fa ilà àkọ́kọ́. Omi tó wà lójú rẹ̀ ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Ilà náà wọ́, àmọ́ ó kan nọ́ọ̀tì, ó sì kan ríìmù.